Àpáta tí Bàbá Sá Kọ̀ǹpútà Lé

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Claudine pé kó fara balẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń fara balẹ̀ fún kọ̀ǹpútà alágbèéká yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀dínátọ̀ ní abúlé wọn, Gbaffo. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú, ó fara dà á. Ó di pé àfi bí ó bá fi òkúta ti ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn kó tó lè rí nǹkan kà, ó wá òkúta tó bá a mu, ó ń gbé e lọ sílé ìwé tó ti ń ṣe olùkọ́. Òjò oṣù yìí dé, ojú ẹ̀rọ náà di bàìbàì, ìlà funfun ń sáré kọjá níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ń lò ó, nítorí ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n jókòó níwájú olórí abúlé lórí ọ̀ràn àpáta.

Modeste, aládùúgbò wọn, ló dìde tó ní tòun ni àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Àpáta tí àwọn obìnrin ilé ọkọ Claudine ti ń sá ẹ̀gẹ́ lé láti ayébáyé! Bàbá Dominique, bàbá ọkọ rẹ̀, nìkan ló mọ ìtàn ibẹ̀ délẹ̀. Kí àìsàn tó mú Bàbá lẹ́nu lọ́dún tó kọjá, Claudine jókòó tì í, ó sì tẹ gbogbo ohun tó sọ sínú kọ̀ǹpútà: ẹni tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀, ẹni tó jẹ́rìí, ibi tí ààlà gbà. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ni Bàbá ń rí sọ lóòjọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Claudine, ìyá Carine, ti ilé ìwé dé, ó bá Modeste lẹ́nu ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Carine! Ẹ wá wò ó o! Bàbá yín ti sá ọ̀dínátọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ lórí àpáta yín!"

Claudine sáré lọ. Òótọ́ ni. Bàbá rí i tí ojú ẹ̀rọ tí Claudine fi sílé ṣú, ó rò pé omi ló wọ̀ ọ́. Ní Gbaffo, ohun tó bá tutù, ì báà jẹ́ ata, ì báà jẹ́ aṣọ, ì báà jẹ́ ìwé ọmọ, orí àpáta ni wọ́n ń sá a lé. Ó ṣí kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ oòrùn láàárín ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó, ó wá mú igi dání, ó ń lé ewúrẹ́. Ẹ̀rọ náà gbóná bí agbada. Àbàwọ́n dúdú ti gba ojú rẹ̀ kan.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe yìí? Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án? Ẹ ti pa wá!"

Kò pariwo mọ́ Bàbá rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Bàbá la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde, ó sì wolẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti fọ́, Claudine sì gbé ẹ̀rọ wọlé láìbẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì ó gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Ràṣídì, tó ń tún irú rẹ̀ ṣe lọ́jà Dassa. Ràṣídì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún.

"Madame, ojú rẹ̀ ti kú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kú o. Ẹ fi í sílẹ̀, màá yọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ Ajé."

"Lọ́jọ́ Ajé? Ọ̀la ni ìpàdé!"

"Kò lè ṣeé ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé, madame."

Obìnrin aláta tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀yin lẹ ní bàbá tó sá ọ̀dínátọ̀?"

Modeste ti gbé ìtàn náà dé Dassa! Ó fẹ́ gba àpáta ẹni, ó tún fẹ́ fi ẹni ṣe ẹlẹ́yà kárí ọjà. Inú bí Claudine débi pé ó rin ìrìn rẹ̀ kọjá ibi tí yóò ti wọ ọ̀kadà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pé jọ níwájú ilé olórí abúlé. Modeste dìde, ó wo ọwọ́ Claudine tó ṣófo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ti bàbá mi ni àpáta yìí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kó mú un jáde. Tàbí kò tíì gbẹ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Claudine wọ egungun. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ohun kan sọ sí i lọ́kàn.

"Ẹ̀gbọ́n Modeste, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn náà fún olórí abúlé. Ẹ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jà."

Ta ni yóò bẹ Modeste ní ìtàn kó tó sọ ọ́? Ó mú igi, ó lé ewúrẹ́ bíi Bàbá, ó fi ọwọ́ nu òógùn. "Mo bá sáré lọ pe Ìyá Carine. Mo ní, ẹ wá wò ó o, Bàbá yín ti sá ọ̀dínátọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ lórí àpáta..."

Ó gé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

"Lórí àpáta ta?" Claudine bi í.

Gbogbo ìpàdé ti mọ ìtàn náà sórí. "Lórí àpáta yín!" ni wọ́n fi dáhùn, àtọmọdé àtàgbà.

Olórí abúlé wo Modeste lójú. "Wọ́n gbé ẹrù lé àpáta rẹ, o kò lé wọn, ẹ̀rín lo ń rín? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àpáta di ti ilé Dominique."

Claudine kò dúró kí ẹnikẹ́ni kí i. Ó lọ tààrà sílé, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá tó jókòó lórí àga rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo pariwo mọ́ yín."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó tiraka títí ọ̀rọ̀ fi jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé... ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ, Bàbá," ni Claudine wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti gbẹ dáadáa."