Ilé Ìwẹ̀ Tí Kò Nílẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ ti sú Adéníkẹ́ tipẹ́ kí wàhálà ìjọba tó dé bá a. Òun ni tíṣà eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Àkírà, olú-ìlú Gánà. Bí àwọn ọmọ bá sáré tán nírọ̀lẹ́, tí òógùn bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa, ìwẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ náà ní yàrá kéékèèké, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn kan lẹ́nu èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀gá àgbà, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáàmù, ló ní kí káfíńtà yọ wọ́n. Ó ní àwọn ọmọ ń sá pamọ́ síbẹ̀ tí iṣẹ́ bá yá.

"Obìnrin ṣáà ni gbogbo yín," ni Màdáàmù wí. "Kí ni ẹnì kan ní tí ẹnì kejì ò ní?"

Àwọn ọmọ ò bá a jiyàn. Wọn ò kàn wẹ̀ mọ́ ni. Wọ́n á bọ́jú, wọ́n á ṣan ẹsẹ̀, wọ́n á fi aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ bo òógùn mọ́lẹ̀, ó di ilé. Kò pẹ́ tí làpálàpá fi yọ lọ́rùn ọ̀kan. Wọ́n ń yá ara wọn ní táwẹ́ẹ̀lì, ó sì ràn dé abíyá èkejì. Màdáàmù pe Adéníkẹ́, ó ní ìmọ́tótó àwọn eléré, ọrùn rẹ̀ ló wà. Adéníkẹ́ ní kí wọ́n dá ilẹ̀kùn padà. Màdáàmù ní rárá. Adéníkẹ́ fipá lé àwọn ọmọ wọ ilé ìwẹ̀, ẹkún sọ. Bó ṣiwájú, ẹ̀bi. Bó pẹ̀yìn dà, ẹ̀bi.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti Sàúdátù. Ọmọ Làmídì tó ń ṣòwò ní Cow Lane ni, kò sì sí ẹni tó lè bá a sáré nínú gbogbo wọn. Kò tíì wẹ̀ níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dimú fún un, wọ́n ní "Alata", bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ń rùn. Adéníkẹ́ fà á sẹ́yìn ògiri.

"Kí ló dé tí o ò fi wẹ̀?"

"Mepa wo kyɛw, Tíṣà." Èdè Twi ló kọ́kọ́ fi bẹ̀ ẹ́, kó tó padà sí Yorùbá tí kò já geere lẹ́nu rẹ̀. "Màmá mi ní kí n má bọ́ra níwájú ẹnikẹ́ni. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi eré sílẹ̀."

Ó sú Adéníkẹ́ pátápátá. Ẹni tó yára tó báyìí, torí ilẹ̀kùn! Ó pinnu pé aṣọ lòun máa ta sẹ́nu àwọn yàrá náà, kí Màdáàmù ṣe èyí tó bá fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rédíò kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí Adéníkẹ́ dé Lagos Town, àdúgbò àwọn ará Nàìjíríà ní Àkírà, ó bá Ojúọlá, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, láàárín ẹrù. Àwọn oníbàárà ń ná ọjà rẹ̀ ní ìnákúnàá. Adéníkẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá.

Ojúọlá ju igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Adéníkẹ́! Wọ́n ń lé wa nílùú, aṣọ ilé ìwẹ̀ lo wá ń wá?"

"Ìyá mi, làpálàpá ò mọ̀ pé wọ́n ń lé wa."

"Orí rẹ dá ṣá?" Ó pòṣé títí. Lẹ́yìn náà ló fa ìdì aṣọ tẹ́ẹ́rù funfun kan yọ lábẹ́ ẹrù. "Gbà. Kí n tó fi tọrẹ fún àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, kí àwọn ọmọ olọ́mọ kúkú fi bo ìhòòhò. Kí o tètè rán an o, mo fẹ́ di ẹ̀rọ ìránṣọ náà."

Lọ́jọ́ kejì, Adéníkẹ́ fi wáyà ta aṣọ náà. Kò jẹ́ kó kanlẹ̀, kí ìdọ̀tí má baà mù ún, kí èèyàn sì lè rí ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú yàrá. Ó ní kí kálukú mú táwẹ́ẹ̀lì àti kànìnkànìn sápó tirẹ̀ wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, omi ń dà yàà, ariwo ẹ̀rín gba ilé ìwẹ̀. Sàúdátù wọlé gbẹ̀yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn yòókù ń pariwo pé kó má wẹ omi tán.

Màdáàmù gbọ́, ó dé. Ó wo aṣọ náà títí. "Èébu á hù sí i. Ta ló máa fọ̀ ọ́?"

"Àwọn ọmọ ni, mà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa."

"Tí wọ́n bá sá pamọ́ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ máa rí ẹsẹ̀ wọn, mà."

Màdáàmù bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ aṣọ náà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Tíṣà, ìwé ìgbélùú rẹ dà?"

"Àkírà níbí ni wọ́n bí mi sí, mà."

"Mo mọ̀. Wọn ò ní kí n bèèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí."

Inú bí Adéníkẹ́ débi pé ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Àtọdún tó kọjá ló ti ń bá obìnrin yìí fa ilẹ̀kùn, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wá yanjú ni wọ́n ní kó máa lọ.

Làmídì àtàwọn ará ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Sàúdátù kò lè dúró de ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ mìíràn ló sáré dípò rẹ̀, ó sì ṣe ẹ̀kẹta. Adéníkẹ́ ò rí i. Nígbà yẹn, òun àti Ojúọlá ti wà lórí ẹrù nínú lọ́rì, wọ́n dojú kọ Ògbómọ̀ṣọ́.

"Wọ́n tiẹ̀ kí ọ pé o ṣeun?" ni Ojúọlá bi í.

"Wọ́n ní kí n dá fèrè tí mo fi ń pe àwọn ọmọ padà, torí ti ìjọba ni."

Ojúọlá bú èébú kan tí a kò lè kọ síbí, ó sì sún apẹ̀rẹ̀ kan síwájú kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí.