Àkànjí Ra Mọ́tò Mẹ́ta Nítorí Bẹ́líìtì Kan

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àkànjí kò wo ẹnu ohunkóhun nígbà tí ó ta ìpín tirẹ̀ nínú oko kòkó bàbá wọn, tí ó fi ra ẹ̀rọ ìyígi lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kẹ́rù padà sílé láti Àpápá. Bí ó bá de igi mọ́ ẹ̀rọ náà lórí, tó dè é nídìí, tó tan iná sí i, igi á máa pòòyì bí òkòtó. Yóò wá fi irin ẹlẹ́nu mímú bà á lára wẹ́rẹ́, ọrùn igi á yọ, ìbàdí igi á yọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbà kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí kò lọ ata, tí kò lọ ẹ̀gẹ́, kí ló ń lọ̀? Ọdún kan gbáko, kò sí ẹni tó gbé iṣẹ́ gidi fún un, àfi àwọn tó fẹ́ kó ṣe ọmọ odó.

Àsìkò owó Ùdójì, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, sì ni. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lánàá ń fun fèrè mọ́tò lónìí. Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìbà náà kọ́ ilé ìsìn tuntun, Ìyá Ìjọ wọn, Ìyá Christiana, sì gbé iṣẹ́ wá: òpó kéékèèké méjìlélọ́gbọ̀n, tí wọn yóò fi ṣe ọgbà yí pẹpẹ ká.

"Àkànjí, mo mọ̀ pé mùsùlùmí ni ọ́," màmá náà wí. "Ọlọ́run kan náà ló ni igi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú la ó ya ilé náà sí mímọ́. Bí ọgbà yẹn kò bá dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àyàndélé tó ń fọwọ́ gbẹ́ igi ní Ọ̀jọ́ ni mo máa pè, ìwọ á sì máa sá aṣọ sórí ẹ̀rọ rẹ."

Àkànjí mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ìlú yóò fi òun àti ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òpó kọkàndínlógún ló wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí bẹ́líìtì já. Ó dún pàú! Ó fọ́n sí wẹ́wẹ́ mẹ́rin, adìẹ kan rò pé ekòló ni, ó gbé ọ̀kan sálọ. Àkànjí mú okùn, ó fi wọn àyíká kẹ̀kẹ́ irin méjèèjì tí bẹ́líìtì ń gbà, ó gba Òkòkómaikò lọ.

Lẹ́bàá títì tuntun tí wọ́n ń là lọ sí Àgbádárìgì ni Kàsúmù ará Ìsẹ́yìn ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Bẹ́líìtì rọ̀ lórí òpó ìsọ̀ rẹ̀ bí ejò tí wọ́n sá sóòrùn.

"Mọ́tò wo?" Kàsúmù bi í.

"Èmi Àkànjí ará Ìbà ni. Kì í ṣe mọ́tò, Ẹ̀gbọ́n. Igi ni mo fi ń yí."

Kàsúmù wò ó látòkè délẹ̀. "Igi ti ń wọ bẹ́líìtì báyìí? Epo rọ̀bì yìí mà ti ba ayé jẹ́ o!"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fi okùn mi wọ̀n wọ́n wò."

"Má fi okùn kan ọjà mi! Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní kí n má ta bẹ́líìtì tí n kò mọ orúkọ mọ́tò rẹ̀. A kì í ra fìlà fún ẹni tí a kò mọ orí rẹ̀. Pe orúkọ mọ́tò, tàbí kí o máa lọ."

Àkànjí ṣíjú wòkè, ó rí ọ̀kan tó jọ ti tirẹ̀. Wọ́n fi ẹfun kọ Písò sí i lára.

"Písò ni," ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Kàsúmù fò dìde. "Àkànjí ti ra Písò! Ẹ bá mi kí i o! Ẹni tó ra mọ́tò ló wá ń tijú bí ìyàwó ọ̀ṣìngín!"

Kí Àkànjí tó délé, ìròyìn ti délé. Ó fi bẹ́líìtì tó rà sí ẹ̀rọ, bẹ́líìtì náà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ṣòkòtò bàbá nídìí ọmọ. Lọ́jọ́rú, ó padà lọ.

"Mọ́tò wo?"

"Dátísùn."

"Èkejì nìyẹn!" Kàsúmù di ọwọ́ mọ́ra. Bẹ́líìtì Dátísùn kò dé ìdajì ọ̀nà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àkànjí sọ pé lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni. Kàsúmù bọ́ fìlà fún un. Ìyẹn nípọn bí apá jagunjagun, kò wọ ojú kẹ̀kẹ́ irin rárá.

Nígbà tó fi aṣọ bo ẹ̀rọ tán, Mùsítúrà ìyàwó rẹ̀ ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó.

"Bàbá Àlíù, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ mọ́tò mẹ́ta. Níbo lẹ gbé wọn sí?"

"Mùsítúrà, kò sí mọ́tò."

"Ọmọdé ni mí ni? Gbogbo Òkòkómaikò ló ń kí mi. Mọ́tò tí kò sùn nílé ìyálé, ilé ìyàwó ló sùn. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kí n gbọ́."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Ìyá Christiana fi wọlé nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Ó ka òpó tó wà nílẹ̀. "Méjìdínlógún! Ó ń wa mọ́tò kiri, pẹpẹ Olúwa wà níhòòhò! Mò ń lọ bá Àyàndélé."

Ó ti yíjú padà kí agogo kẹ̀kẹ́ tó dún lójúde. Kàsúmù ni, ó gbé ìdì bẹ́líìtì kọ́ èjìká. "A kì í ní oníbàárà ọlọ́mọ́tò mẹ́ta ká má lọ kí i nílé. Àwọn mọ́tò dà, kí n fojú bà wọ́n?"

Ojú mẹ́fà ń wo Àkànjí. Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Písò nìyí, Ẹ̀gbọ́n. Dátísùn nìyí. Bẹ́dífọ́ọ̀dù náà nìyí. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ kò ní tà fún igi."

Mùsítúrà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kàsúmù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ irin méjèèjì, ó sọ ìdì rẹ̀ kalẹ̀. Bẹ́líìtì kan ló fi di àwọn yòókù.

"Ọdún mẹ́ta lèyí ti wà lọ́wọ́ mi," ó wí. "Kò sí mọ́tò tó bá mu. Mo sọ ọ́ di okùn ìdìrù."

Àkànjí yọ okùn láti àpò, ó nà án sí i lára. Okùn àti bẹ́líìtì bára mu rẹ́gí.

"Ẹ tà á fún mi, Ẹ̀gbọ́n!"

Kàsúmù di bẹ́líìtì mú pinpin. "Ọ̀gá mi kò tíì kú. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ kí ni?" Ìyá Christiana jágbe. "Bàbá yìí, ọjọ́ Ẹtì lọ̀la!"

"Màmá, n kò lè ṣẹ̀ sí ọ̀gá mi."

Mùsítúrà nu ojú rẹ̀. "Ohun tí mo ti ń wá láti àárọ̀ nìyí. Òun ni kò jẹ́ kí ọkọ mi sinmi, òun ló jẹ oko kòkó wọn. Ìyàwó Kejì lorúkọ rẹ̀."

Kàsúmù mú ẹfun jáde, ó kọ ọ́ sára bẹ́líìtì lẹ́tà lẹ́tà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bẹ́líìtì wọlé ṣoṣo. Àkànjí tan iná, ẹ̀rọ hó yìì, ẹ̀ẹ́rún igi sì ń fò lé aṣọ funfun Ìyá Christiana, kò gbọ̀n ọ́n nù.

"Èmi ìyálé ló sọ ọ́ lórúkọ o," Mùsítúrà kígbe borí ariwo. "Bó bá ṣe àfojúdi, èmi ni n ó paná rẹ̀!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àkànjí gbé òpó kejìlélọ́gbọ̀n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó gbàgbé ara.

"Bàtà!" Ìyá Christiana pariwo.

Ó padà síta, ó bọ́ ọ, ó tún wọlé. Ó kan òpó náà mọ́lẹ̀. Màmá fọwọ́ tọ́ ọgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mi orí.

"Àkànjí, o ti bọ́ bàtà tán, má tíì lọ. Wá wọn àga àlùfáà."