Ahọ́n Barau àti Sóbò Kande

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ ni Barau ti ń fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún gbogbo ará Kánò: ahọ́n rẹ̀ ti kú. Ọ̀fìnkìn ló mú un fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nígbà tí ọ̀fìnkìn náà sì máa lọ, ó kó ìtọ́wò lọ pẹ̀lú. Barau kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí oyin mọ́. Ká ní télọ̀ ni, tàbí onígbàjámọ̀, ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ì bá máa bá jà. Àmọ́ aláró ni Barau, aláró tó jogún kòtò aró lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ahọ́n sì ni wọ́n fi ń mọ omi aró níbẹ̀.

Láràárọ̀, onílé kòtò á ti ìka bọ omi, á fi kan ahọ́n, á tutọ́ dànù, á wá sọ ohun tó kù. Bí omi bá ta ahọ́n díẹ̀ bí omi káún, èlú á tú àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti kan, eérú ló kù láti fi sí i. Bí eérú bá sì pọ̀ jù, omi á bó èèyàn lẹ́nu, àwọ̀ á sì kọ̀ láti jáde. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kòtò kì í dúró sójú kan. Èlú tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń mú omi kan lójoojúmọ́, eérú ń pa kíkan náà, onílé kòtò sì wà láàárín bí ọkọ tó ń parí ìjà ìyàwó méjì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Barau ti fojú díwọ̀n eérú, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì da odidi kòtò aró nù. Jatau, olórí àwọn aláró, wá kìlọ̀ fún un. Aṣọ láwàní àwọn ẹlẹ́ṣin ọdún Iléyá ló kàn. Bí èyí náà bá bàjẹ́, kòtò á di ti Sule, ọmọ ẹ̀gbọ́n Barau. Sule ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àyíká kòtò náà láràárọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò ẹ̀gbẹ́ kòtò ni Kande ti ń ta sóbò, omi ìṣápá pupa tó máa ń kan bí kò bá sí ṣúgà níbẹ̀. Ará Sáríà ni, gbogbo èèyàn ló sì mọ bí ará Kánò àti ará Sáríà ṣe máa ń bára wọn ṣe: oníkálukú ń pe ẹnì kejì lẹ́rú, wọ́n á bú ara wọn bí ẹni máa jà, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ bínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Barau nawọ́ sí i. "Ẹrú mi, bu sóbò wá."

Kande bu èyí tí kò fi ẹyọ ṣúgà kan sí, irú èyí tó lè mú ewúrẹ́ fajú ro. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí kí bàbá náà tu ú dànù kó lè rí ohun tí yóò fi rẹ́rìn-ín di alẹ́. Barau gbé e mu tán, ó fi ahọ́n lá ètè.

"Ó dùn lónìí. Ará Sáríà náà ti fẹ́ di ọmọlúàbí."

Kande kò rẹ́rìn-ín. Ó wo inú igbá, ó wo ojú Barau. "Baba Barau, kò sí ṣúgà níbẹ̀."

 Barau wo ọ̀dọ̀ Sule tó ń gbálẹ̀, ó sì ń dúró kí obìnrin náà pariwo, nítorí ẹni tó ń báni ṣe irú àwàdà bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohunkóhun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ńṣe ni Kande jókòó tó rẹ ohùn sílẹ̀, tó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Barau ní láti ìgbà ọyẹ́ ni.

"Ẹ wá ń tọ́ aró wò lójoojúmọ́, ẹ ń mi orí bí ẹni pé ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Kí ni kí n ṣe?"

Kande ronú díẹ̀. Ó ní ọwọ́ àwọn aláró ti ba ọjà òun jẹ́ tipẹ́. Bí Tanko, onílé kòtò tí aró rẹ̀ máa ń dára, bá ti ọwọ́ tútù bọ igbá òun, sóbò pupa á di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan ni ọwọ́ yín kì í ṣe é ní nǹkan kan láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Mo rò pé ẹ kàn máa ń fọwọ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí èrò tó dé, Kande fi omi la sóbò tí kò ní ṣúgà títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi kòtò Tanko, wọ́n da ṣíbí kan lára rẹ̀ sínú sóbò náà: ó di àwọ̀ ewé. Wọ́n da ti kòtò Barau sínú igbá sóbò mìíràn: pupa ló wà. Kòtò náà ti kan. Inú Barau dùn bí ìgbà tí wọ́n dá ojú afọ́jú padà, ó sì da odidi garawa omi eérú sí kòtò. Ní ìrọ̀lẹ́, sóbò di àwọ̀ ewé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti padà di àwọ̀ àlùkò.

"Ó ń bá yín jà," ni Kande wí. "Bí ẹ ṣe tì í ló ń ti yín padà. Ẹ rọra máa bù ú sí i, ẹrú ará Kánò, kì í ṣe ilé ló ń jó."

Barau rọra bù ú sí i, igbá kan láàárọ̀, ìlàjì igbá nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹrin, sóbò di àwọ̀ ewé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún òwúrọ̀ mẹ́ta léraléra.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ki láwàní bọ kòtò pé. Jatau dé pẹ̀lú àwọn àgbà aláró, ó sì béèrè bó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo onílé kòtò kí òun náà tó tọ́ ọ wò: "Barau, kí ni ahọ́n rẹ wí?"

Barau ti múra irọ́ sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wọ omi. Àmọ́ ojú tì í láti tún mi orí lójú Kande.

"Ahọ́n mi kò wí nǹkan kan," ló fèsì. "Ó ti kú láti ìgbà ọyẹ́. Sóbò obìnrin yìí ló sọ fún mi pé omi ti dára."

Àwọn àgbà kùn. Sule gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Jatau ti ìka tirẹ̀ bọ omi, ó fi kan ahọ́n, ó sì tutọ́. Ó jókòó sórí àpótí Kande, ó gbé igbá sóbò tó kọ́kọ́ rí, ó sì mu ún tán.

"Ó dùn," ló wí.

Kande la ẹnu. Èyí tí kò ní ṣúgà ni, èyí tí wọ́n pò fún kòtò. Barau yára tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, obìnrin náà sì pa ẹnu dé. Jatau wo ojú àwọn méjèèjì, ó wo inú igbá, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Ọdún mélòó ni Jatau ti ń dúró kí onílé kòtò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó tó sọ pé bí ahọ́n òun náà ṣe wí nìyẹn? Barau kò ní béèrè láéláé.

"Ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́," ni Jatau pàṣẹ.

Aṣọ jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì ń dúdú lọ lójú gbogbo wọn títí ó fi di aró gidi. Jatau ní kí Sule máa bá a lọ ní gbígbá ilẹ̀ fún àbúrò bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí Kande.

"Láàárọ̀ ọ̀la, gbé igbá kan wá sílé mi kí èrò tó jí. Má fi ṣúgà sí i."

"Ẹrú mi ti di méjì," ni Kande wí, ó sì bu sóbò oníṣúgà fún àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé ṣúgà náà ti ṣòfò.