Fóònù Tó Ń Gbé Ohùn Ìyá Mì

Nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, Ràímì bíríkìlà ra tirẹ̀ ní Kẹ́tu, kó lè máa gbóhùn ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Àmọ́ ìyá kò ní tíì kí i tán tí fóònù ọ̀hún á fi kú. Inú bí i débi pé díẹ̀ ló kù kó là á mọ́ ògiri.

Gbogbo ará ilé ní kó gba kámú, pé wọn kì í gba ọjà padà ní Kẹ́tu. Ràímì kọ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Fóònù tí mo rà lọ́wọ́ yín ń kú ṣáá."

Jayé tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí àkọ́bí Ràímì dàgbà jù lọ, fò dìde.

"Ha, Bàbá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Lòun náà bá dọ̀bálẹ̀. "Èmi tí mo ta ọjà tí ò dáa fún yín ló yẹ kí n bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni kí n pààrọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀tọ́ kẹ̀? Ẹnu olóṣèlú nínú rédíò nìkan ni Ràímì ti ń gbọ́ ọ. Jayé sì gbé fóònù tuntun lé e lọ́wọ́.

Ó fi fóònù tuntun náà pe ìyá rẹ̀, ó ròyìn.

"Báwo lo ṣe bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi gbà?"

"Wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀, Ìyá mi. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ mi ni."

Fóònù dákẹ́ rọ́rọ́. Ràímì rò pé èyí náà ti kú. Ìgbà tó yá ni ohùn arúgbó náà dé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí:

"Ràímì, tún 'ẹ̀tọ́' yẹn sọ."