Ẹni Tí Kò Rí Ẹni Rán

Ní ọ̀sán Sátidé, Ganiyat nìkan ló jókòó sí pálọ̀ ilé wọn ní Egan, ìwé ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Dókítà Ọláfimíhàn, olùkọ́ wọn ní yunifásítì, yóò pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún kọ̀m̀pútà. Ganiyat ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò ní kí ó fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá sí ọdún kẹta. Àwọn ọmọ tí ó wá bá ní kíláàsì ń pè é ní àǹtí, wọn a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín àwọn àti òun, bí ẹni pé ìkùnà máa ń ràn. Ó ti bi Promise, tí iṣẹ́ náà yé jù, pé níbo ni wọ́n ti ń kàwé pọ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà? Ṣebí ẹ ti ṣe é rí," ni Promise wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Àwa la ó wá kọ́ lọ́dọ̀ yín, jàre."

Kò bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Iṣẹ́ náà kò ju ìlà márùn-ún lọ. A ó fún kọ̀m̀pútà ní nọ́ńbà kan, kí ó rò ó pọ̀ mọ́ gbogbo èyí tí ó kéré jù ú lọ. Dípò kí ó ṣe é, yóò tún fi iṣẹ́ kan náà rán ara rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó fi ẹyọ kan dín; bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ títí yóò fi kan ení, kí èsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ganiyat mọ ìlà márààrún lórí bí ẹní mọ Fátíhà. Lílọ yé e. Bí èsì ti ń padà bọ̀ ni kò yé e, ibẹ̀ gan-an sì ni olùkọ́ ti mú un lọ́dún tó kọjá.

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure.

"Ganiyat, rán ẹnì kan kó bá mi ká aṣọ tí mo sá. Òjò ti ṣú níbí."

"Ta ni kí n rán, Màámi?"

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò nílé. Ràímì wà ní Kánádà, Àdíját wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Zikrullah ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá.

"Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ṣá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Lọ ká a fúnra rẹ."

Bí ó ti ń kó aṣọ wọlé ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí bútà bàbá wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò gbé láti ọdún méjì tí wọ́n ti sin bàbá náà. Nígbà ayé rẹ̀, bí àkókò ìrun bá tó, bàbá a ní, "Ràímì, bu omi àlùwàlá wá." Ràímì a rán Àdíját, Àdíját a rán Zikrullah, Zikrullah a nawọ́ sí Ganiyat. Ganiyat a bojú wẹ̀yìn, kò ní í rí ẹnì kan. Òun ni yóò bu omi. Bútà a wá máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, olúkúlùkù a gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rán, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ bàbá.

"O ṣeun, Ràímì," ni bàbá máa ń wí.

Ganiyat gbé aṣọ sílẹ̀, ó mú bírò. Ó kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, Ràímì sí ẹ̀rin, òun fúnra rẹ̀ sí ení. Ó gbé ení fún Zikrullah; Zikrullah fi èjì tirẹ̀ kún un, ó di ẹ̀ta; lọ́wọ́ Àdíját, ó di ẹ̀fà; nígbà tí ó dé ọwọ́ Ràímì, ó di ẹ̀wá. Ó pẹ́ kí ó tó gbé ojú sókè.

Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ bi í pé, "Níbo ni iṣẹ́ yìí ti ń dúró?"

"Lọ́dọ̀ ẹni tí kò rí ẹni rán, sà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Òun ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, sà. Gbogbo àwọn tó kù ń dúró dè é ni."

Olùkọ́ kọ nǹkan sínú ìwé. "O yege. Lọ jókòó."

Ó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Títí ó fi dé ilé, kò sí ẹni tó tíì fèsì. Ìyá wọn kò sì tíì ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ó gbọn eruku kúrò lára bútà, ó bu omi sí i, ó ṣe àlùwàlá. Nígbà tí ó parí, ó di bútà mú díẹ̀, bí ẹni tí ń retí pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun, kí ó tó gbé e padà sí àyè rẹ̀.