Ọkọ̀ Elérò Méjì

"Ẹ káàsán o, ọkọ mi àgbà," ni Hannah wí láti inú ọkọ̀.

Ìyá Ọmọ́tọ́lá kò dáhùn. Ó ti jáde wá sí ojúde ilé ẹbí ní Ẹ̀múré, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró ti ọkọ̀ náà, ó ń wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ̀ náà kúrú débi pé àárín orí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni ẹni tó bá dúró tì í yóò máa wò. Adégòkè, ọmọ Hannah, ti ká aṣọ òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí ìyá rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó bo ẹnikẹ́ni. Gbogbo ojúde ló ń rí wọn.

Arúgbó náà ń dúró de ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Hannah, ìyàwó ilé sì ni. Ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó kúnlẹ̀. Kò sí ìyàwó kan nínú ilé náà tó tíì kí Ìyá Ọmọ́tọ́lá ní ìjókòó rí.

"Ẹ kú ulé o, ọkọ mi," Hannah tún wí. Ó fọwọ́ bo orúnkún rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jókòó síbẹ̀.

"Ìyá, ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ni?" Adégòkè bi í jẹ́jẹ́.

"Máa wa ọkọ̀ lọ."

"Ìyá, ẹ wò ó..."

"Mo ní máa wà á lọ."

Ìyá Ọmọ́tọ́lá yíjú sí àwọn obìnrin tó ń sá kòkó lójúde. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ wá wo ìyàwó yín. Ọmọ rẹ̀ ra ọkọ̀, òun náà di olóyè. Orí àga ló ti ń kí èèyàn báyìí." Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan.

Láti Ẹ̀múré dé Ìṣẹ́, ojú ọ̀nà ni Hannah ń wò. Bí ó bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, Adégòkè kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ariwo afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn méjì bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni Adégòkè Afọláyan ní Ìṣẹ́. Ní ọdún 1978 tí ó dé láti ìlú òyìnbó, ọkọ̀ náà bá a wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Àpọ́n ni nígbà náà. Aláwọ̀ ewé ni ọkọ̀ náà, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì máa ń sáré bí ẹtu. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin fi gbé e kúrò nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ kan bí ẹni gbé pákó. Ní báyìí tí ọdún 1986 ń parí lọ, Adégòkè ti ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ìjókòó ọkọ̀ kò kúrò ní méjì. Ní ọjọ́ ìsinmi, Beatrice ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ á wọ takisí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Adégòkè á sì gbé ìyá rẹ̀ lọ. Láràárọ̀ ló ń fi aṣọ funfun nu ọkọ̀ náà kí ó tó gbàdúrà. Ó ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà pé ohun tó bá ń gba àkókò èèyàn, tí kò sì wúlò, òfò ni. Kò tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Dúrójayé, àbígbẹ̀yìn Ìyá Ọmọ́tọ́lá, dé láti Ẹ̀múré. Kò jókòó.

"Bọ̀dá, wọ́n rán mi ni o. Kì í ṣe ẹnu mi lọ̀rọ̀ ti wá."

"Sọ ọ́."

"Màmá ní ìjókòó iwájú tí wọ́n fẹ́ jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí Bàbá, àwọn ò ní bá Màmá yín pín in. Wọ́n ní ẹni tó ń kí èèyàn látinú mọ́tò, kí ó kúkú dúró sínú mọ́tò náà gbọ́ ìwàásù."

Beatrice, tó ń po ẹ̀kọ fún ọmọ, fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ abọ́ ẹ̀kọ.

Ọjọ́ kọkànlá sí ìgbà náà ni ìrántí ọdún márùn-ún tí bàbá Adégòkè ti kú. Níbi ìrántí báyìí, ìjókòó iwájú ni opó máa ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Opó tí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo ìlú á bèèrè ohun tó ṣe, wọn á sì dá ara wọn lóhùn.

"Èmi á lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn," ni Adégòkè wí.

"Ẹ óò dọ̀bálẹ̀, wọ́n óò sì súre fún yín," ni Dúrójayé dáhùn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń retí ìkúnlẹ̀."

Adégòkè bá ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí lórí àga gíga kan. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé? Ìkúnlẹ̀ lásán ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìkíni."

"Jókòó ná."

Ó jókòó sórí òkúta.

"Láti Àjíǹde ni orúnkún mi kò ti tẹ̀ dáadáa mọ́," ni Hannah wí. Kò gbójú sókè. "Bí mo bá jókòó sórí ohun gíga, màá dìde. Nínú ọkọ̀ tìrẹ, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo ní kí o lọ jíṣẹ́ ìrántí, kí èmi dúró dè ọ́. Mo rò pé wọn ò ní jáde. Ṣé kí èèyàn méjì wá máa fà mí yọ bí àpò kòkó lójú àwọn ìyàwó ilé ni?"

"Níhìn-ín ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń jáde?"

"Ìyàwó rẹ ló ń fà mí. Tí o bá ti wọlé lọ ni. A ó kọ́kọ́ ti géètì."

Adégòkè wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Beatrice dúró síbẹ̀, kò sì gbójú kúrò.

"Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí ni ká sọ?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Pé ọkọ̀ tí o fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ kò gba ìyá rẹ? Ṣé o máa gbọ́?"

Adégòkè kò mọ̀ bóyá òun ì bá gbọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún Màmá Ẹ̀múré pé orúnkún ni."

"O ò gbọdọ̀. Kí wọ́n pè mí ní agbéraga, ó sàn. Agbéraga lè tún ìwà rẹ̀ ṣe. Arọ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adégòkè lára ju èébú ìta lọ. Bí kò bá lè tún orúnkún ìyá rẹ̀ ṣe, ó kéré tán, ó lè gbé e dé ojúde ilé ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó tí yóò ti fúnra rẹ̀ dìde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò nu ọkọ̀ náà. Ó wọ inú rẹ̀, ó sì kọrí sí Ìkẹ́rẹ́.

Mísì Ọmọ́rìnsọ́lá Ìbídàpọ̀ ló ń wá lọ. Olùkọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́, kò tíì lọ́kọ, kò sì jọ pé ó ń kánjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ní kí Adégòkè fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Nígbà kejì, Adégòkè ní àfi bí òun bá kú.

"Mísì, ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?"

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ìgbà wo lẹ kú?"

Adégòkè rẹ́rìn-ín, èyí tí kò rò pé òun á rín lọ́jọ́ náà. Ó tọ́ka sí Pijó gígùn tó wà lábẹ́ igi ọsàn. "Èyí tí bàbá yín fi sílẹ̀ yìí, èèyàn mélòó ló ń gbà?"

"Mẹ́jọ ni wọ́n kọ sí i. Mọ́kànlá ni ẹbí mi kà. Ó ti gbé òkú mẹ́ta, ó ti gbé ìyàwó mẹ́fà, uṣu tó ti gbé kò níye. Bí mo bá ń lọ ra ìwé ní Àkúrẹ́, èèyàn méje á ti wọ̀ ọ́ kí n tó rí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ tí mo lè sọ pé kò sí àyè nínú rẹ̀, tí kò ní jẹ́ irọ́, ni mò ń wá."

"Èmi ní tèmi, àyè ni mò ń wá."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ọkọ̀ fún ọkọ̀?" ni Mísì bèèrè.

"Ọkọ̀ fún ọkọ̀."

Wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni Adégòkè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: bí wọ́n ṣe ń ta á jí lówùúrọ̀ ọyẹ́, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ òrùlé rẹ̀ tí kò fi ní ya, pé kí wọ́n má ṣe fi omi ọṣẹ fọ awọ ìjókòó, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí imú rẹ̀ ya fọ́tò. Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí ó dé orí awọ ìjókòó lẹ́ẹ̀kejì, Mísì ní, "Ọ̀gá, ẹ ti sọ ìyẹn."

"Mo ti sọ ọ́?"

"Ẹ ti sọ ọ́. Èmi náà mọ nǹkan í tọ́jú."

Ó wọ inú ọkọ̀ náà, ó bọ́ bàtà gíga rẹ̀, ó sì wà á jáde. Adégòkè dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀ títí tó fi yí kọ́nà. Ó ń dúró de ìbànújẹ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún, tó ń fi ahọ́n wá ibi tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ó wá a, wá a, kò rí i. Èjìká rẹ̀ ló rí pé ó ti wálẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ní ìta Ìkẹ́rẹ́, àwọn obìnrin mẹ́ta kan tó ń lọ sí Ìṣẹ́ nawọ́ sí i. Fún ọdún mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i lójú ọ̀nà yẹn. Ó dúró, ó sì fúnra rẹ̀ bá wọn gbé agbọ̀n gaàrí sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò ó títí.

"Ẹ jọ tíṣà kan tó ní mọ́tò kékeré kan báyìí."

"Èmi ni."

"Háà. Ẹ kú oríire o."

Nígbà tó délé, àwọn ọmọ wọ inú Pijó náà, wọ́n jáde, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí fèrèsé. Beatrice jókòó síwájú. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fúnmiláyọ̀, ṣé inú yín bàjẹ́?"

"Mo ṣì ń retí kí ó bàjẹ́ ni," ni Adégòkè dáhùn.

Beatrice rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìrántí, wọ́n dé ojúde ilé ẹbí ní Ẹ̀múré kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù. Hannah ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì síta, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì dìde. Kò sẹ́ni tó fà á. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì rìn lọ bá Ìyá Ọmọ́tọ́lá, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun. Àwọn ìyàwó ilé ń wò ó.

Hannah di ògiri mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó dé agbedeméjì, ó há. Adégòkè sún síwájú, ṣùgbọ́n Beatrice ti di agbádá rẹ̀ mú.

Ìyá Ọmọ́tọ́lá wo ọwọ́ tó di ògiri mú. Ó wá wo orúnkún Hannah.

"Ìyàwó."

"Ọkọ mi."

"Orúnkún ni?"

Hannah wo àwọn obìnrin tó wà lójúde. Ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà. "Orúnkún ni, ọkọ mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó kí gbogbo wọn gbọ́. "Láti Àjíǹde ni. Lọ́jọ́ yẹn, n kò lè dìde ni. Ojú ló tì mí."

"Dìde dúró." Arúgbó náà na ọwọ́ tí kò fi di ọ̀pá sí i. "Ọdún kẹta rèé tí mo ti kúnlẹ̀ gbàdúrà kẹ́yìn. Mo sọ fún pásítọ̀ pé bí mo bá jókòó ni mo máa ń gbọ́ ohùn Olúwa dáadáa. Dìde. Bí ìwọ bá ṣubú, tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọ, ta ni yóò gbé èmi?"

Ẹnì kan nínú àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbà á. Hannah náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀.

Ìyá Ọmọ́tọ́lá fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ jókòó ní àárín ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀pá sínú, ó wá gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, ó gbé èkejì. Ó ní kí Hannah sún díẹ̀. Hannah ní kò sí ibi tí òun ń sún lọ mọ́. Agogo ti dákẹ́. Dúrójayé sáré dé láti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bọ̀dá, wọ́n ti ń kọ orin àkọ́kọ́ o."

"Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́," ni Adégòkè wí. Ó di ilẹ̀kùn mú ní ṣíṣí títí àwọn ìyá méjèèjì fi tún ìró wọn ṣe tán.