Pápákọ̀ Òfúrufú Tó Jìnnà

Àbúrò rẹ̀, tíṣà ìṣirò, ti kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn àpò lẹ́tà kan. Ó tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tábìlì tí ìyẹn ti ń gé dígí awò ojú.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó. Lóòótọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù láti pápákọ̀ tó jìnnà yẹn fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Ẹ wá ro epo àlọ àtàbọ̀, ẹ ro oúnjẹ, ẹ ro yàrá tí Bàámi tó máa fọkọ̀ gbé yín lọ máa sùn sí kí wọ́n tó padà. Ẹ ò jèrè kankan, ẹ tún máa fowó kún un."

"Mo rí i," lobìnrin náà wí. "Ibẹ̀ náà ni mo ti máa wọkọ̀."

Tíṣà mirí títí. Ẹ má dá a lẹ́bi, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò látàárọ̀ dalẹ́, kò sóhun tí kì í fẹ́ kà. Wákàtí kan péré ni pápákọ̀ òfúrufú ti ìtòsí, wákàtí mẹ́fà gbáko sì ni tọ̀hún.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti sọ fún baba wọn pé òun ríṣẹ́ ọdún mẹ́ta sókè òkun ni baba ti panu mọ́. Kò bá a jà, kò sì súre fún un. Bó bá ti mẹ́nu ba ìrìn àjò náà, baba á ní kí wọ́n bá òun yí rédíò sókè. Ó ń dun obìnrin náà wọra. Kò fẹ́ wọ bàlúù láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó bí i. Ogójì ọdún ni baba fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju mẹ́wàá lọ lóòjọ́. Ẹ sáà jẹ́ kó rọ́wọ́ lé sítíárìn, kí ọkọ̀ sì jáde nígboro, ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Wákàtí kan ò lè tó o, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa tán sí.

Wọ́n gbéra láàárọ̀. Ní wákàtí kìíní, baba bú gbogbo awakọ̀ tó yà wọ́n sílẹ̀. Ní ìkejì, ó bú àwọn tó ṣe ọ̀nà. Ní ìkẹta, ó sọ bí ìyá wọn ṣe máa ń jókòó síbi tọ́mọ jókòó sí yìí, tí á máa bó ọsàn fún òun.

"Látìgbà tó ti kú, ìwọ nìkan lò ń jókòó tì mí," ó ní.

"Bàámi, ọdún mẹ́ta ni."

"Mo gbọ́ nígbà tó o kọ́kọ́ sọ ọ́."

Obìnrin náà ò tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ọ̀nà ṣì kù, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, baba fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́wọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Wàá lọ ire, wàá sì bọ̀ ire," ó ní. "Tó o bá ń bọ̀, ibí ni kó o sọ̀ sí. Mo mọ̀ pé àpapọ̀ owó ẹ̀ wọ́n ju ti ìtòsí lọ."